Ọ̀nà Tí Ẹlẹ́sẹ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́ Lè Jọ Rìn ní Ìbàdàn Titun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa, Ẹ̀ka Ìbàdàn

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ránni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ jẹ́ ẹ lónìí.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ gbé ìwé kan kalẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí Ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Wọ́n fẹ́ kí a bẹ ìjọba kí ó la ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ títì láti Bódìjà dé Àgbòwó, kí àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere àti àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn jọ máa lò ó, kí ọkọ̀ má sì dé ibẹ̀. Àwọn ìyá wa kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé tí yóò kó kẹ̀kẹ́ wá bá àwọn ní ibi tí àwọn ń rìn. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Alága wá pàṣẹ pé kí èmi, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ títì kí n tó fẹ̀yìntì, lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí n sì wá sọ ohun tí mo bá rí.

Ẹ̀yin ará, kò sí ìhà kan nínú méjèèjì tí kò ní ẹjọ́ rere. Ẹ rántí ọmọ ìlú wa tí ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Àgbòwó. Ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí ọjà Bódìjà láti ra pákó. Ó di pákó mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ kan fẹ́ yà fún ọkọ̀ mìíràn tí ó dúró gbé èrò, ó sì fún ọmọ náà mọ́ etí títì. Kò sí ibòmíràn tí ọmọ náà lè yà sí ju inú gọ́tà lọ. Egungun èjìká rẹ̀ kán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán ní ọ̀nà méjì, oṣù méje ni kò sì fi lè di ayùn mú. Láti inú àpò Ẹgbẹ́ yìí ni a ti san apá kan owó ìtọ́jú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ọkọ̀ náà kò kàn án rárá. Gọ́tà ni ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí wọ́n jókòó níhìn-ín, tí n kò ní dárúkọ. Ìsìn òwúrọ̀ ni ó ń lọ ní etí títì Ring Road. Ọmọkùnrin kan tí ó ń sá fún ọkọ̀ gun kẹ̀kẹ́ gòkè wá sí ibi tí ìyá ń gbà. Kò lu agogo, ìyá kò sì gbọ́ ìró rẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá gbọ́ ìró ṣéènì lẹ́yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ a já.

Bí a bá wò ó dáadáa, ohun kan náà ni ó bí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí ó ṣe títì náà kò fi oníkẹ̀kẹ́ sọ́kàn. Nígbà tí kò ní àyè lórí títì, ó di dandan kí ó bọ́ sí gọ́tà, tàbí kí ó gòkè lọ bá ẹlẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ìyá wa àti ọmọ káfíńtà kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ìyà kan náà ni ó jẹ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò pọ̀. Ó ní kí a fi oníkẹ̀kẹ́ ojoojúmọ́ ṣe òṣùwọ̀n ọ̀nà. Níbi tí èrò bá pọ̀, kí a ya ọ̀nà rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlẹ́sẹ̀. Níbi tí èrò bá mọ níwọ̀n, kí a jẹ́ kí wọ́n jọ rìn lórí ọ̀nà tí ó fẹ̀ tó. Ìwé àwọn ọ̀dọ́ kò ya ibi méjèèjì yìí sọ́tọ̀, nítorí èyí ni ó ṣe dá ìjà sílẹ̀.

Ọ̀nà àjọrìn kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹ jẹ́ kí á rántí ilé. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan tí ó fi owó kòkó rà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Nottingham, ni wọ́n ti ń ṣe é, a sì máa ń fi epo nù ún bí ẹni ń tọ́jú ẹṣin. Ọdọọdún ni bàbá mi ń san owó ìwé-àṣẹ rẹ̀ fún káńsù. Lórí ọ̀nà oko tí kò ju ìbú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, òun àti àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn jọ ń lo ọ̀nà, n kò sì rántí ọjọ́ tí ó gbá ẹnikẹ́ni. Òfin ibẹ̀ kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n. Oníkẹ̀kẹ́ a lu agogo láti òkèèrè. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ni ó ni ọ̀nà, oníkẹ̀kẹ́ ni yóò sì sọ̀ kalẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá dé orí afárá onígi, wọn a dúró de ara wọn. Wọn a sì kí ara wọn kí wọ́n tó kọjá.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ojú ọ̀run ni ó tó. Kò sí ẹni tí ó sọ pé etí gọ́tà tó. Ní ọ̀nà oko, ènìyàn mẹ́wàá lè má kọjá láàárín wákàtí kan. Ní iwájú ọjà Bódìjà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni yóò kọjá kí ẹ tó jẹ orógbó kan tán. Ìwà ọmọlúàbí nìkan kò lè ṣe é níbẹ̀. A ní láti fi kọnkéré àti ọ̀dà ràn án lọ́wọ́.

Ìbàdàn titun tí a ń gbé yìí kò bá kẹ̀kẹ́ ṣọ̀tá láti ìbẹ̀rẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, Dùgbẹ̀ sì gbèrú ní ẹ̀bá ibùdó rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé gbígbé Bódìjà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Pápá ìṣeré Liberty ní Ring Road ṣí ní 1960, a sì parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Ní gbogbo àkókò wọ̀nyí, kẹ̀kẹ́ ni akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣẹ́-ọwọ́ ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń pọ̀ sí i, ó di pé gbogbo mítà tí a bá fi kún títì, ti ọkọ̀ ni. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà di ibi ìgbọ́kọ̀sí, oníkẹ̀kẹ́ sì di ẹni tí kò ní ibì kan.

Ta ni oníkẹ̀kẹ́ ojoojúmọ́ tí mo ń sọ? Kì í ṣe eléré ìdárayá tí ó wọ ṣòkòtò tí ó fún mọ́ itan, tí ó dé àkẹtẹ̀ líle, tí ó sì lè fi wákàtí kan rin 30 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, a kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn títì ju ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹni tí mo ń sọ ni ọdẹ alẹ́ tí ó ń darí relé láti Bódìjà ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹni tí mo ń sọ ni ọmọ tí ń ta búrẹ́dì, tí ó di àpótí mọ́ ẹ̀yìn, àti bíríkìlà tí ó gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ wọn ti gbó, bíréèkì wọn kò múná, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní iná. Wọn kì í sáré. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, wọ́n lè fi wákàtí kan rin 15 kìlómítà, nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rin bí 5.

Láti May 29, 2023, tí a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Kìlómítà 5 ni a ń fi ogún ìṣẹ́jú gùn lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń na ìdá ńlá nínú owó oṣù wọn fún Micra àti ọ̀kadà ni wọn ìbá máa gun kẹ̀kẹ́, bí kì í bá ṣe ẹ̀rù. Wọn kò bẹ̀rù làálàá rárá, ikú ni wọ́n ń bẹ̀rù. Nítorí náà, nígbà tí a bá fẹ́ yẹ ọ̀nà kan wò bóyá ó dára, kí a má ṣe bèèrè bóyá akọni lè gbà á. Kí a bèèrè bóyá ọmọ ọdún méjìlá tí ó ń lọ sí ilé-ìwé lè gbà á, àti ọmọ káfíńtà tí ó di pákó mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti yẹ kí ó rí.

Èkínní ni ìbú. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í tọ́ gbọnrangandan. Bí ó bá ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ tó ni ó ń yí sọ́tùn-ún sósì tó. Nítorí náà oníkẹ̀kẹ́ kan nílò mítà kan, ẹlẹ́rù sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyá kan bá di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tí kẹ̀kẹ́ kan fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mítà 3, èyí tí ó jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ni ó kéré jù. Ní July 2020, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà titun jáde fún àwọn tí ń ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Mítà 3 yìí ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ọ̀nà àjọrìn tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ orí rẹ̀ kò bá ju 300 lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan. Bí kẹ̀kẹ́ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di mítà 4 àbọ̀. Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà kun ìlà sórí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tí ó sì pè é ní ọ̀nà àjọrìn, ìjà ni ó ń dá sílẹ̀.

Èkejì ni pé kì í ṣe ibi gbogbo ni a ti gbọdọ̀ jọ rìn. Ẹ̀yin ìyá wa, ibí yìí ni ẹjọ́ yín ti dá yín láre. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ gbangba pé ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀, àti pé ní àárín ìgboro a kò gbọdọ̀ da àwọn méjèèjì pọ̀. Dùgbẹ̀, iwájú ọjà Bódìjà, àti ibi tí Àgbòwó dojú kọ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, kò yẹ kí a gbọ́ orúkọ ọ̀nà àjọrìn níbẹ̀ rárá. Ní irú ibẹ̀, kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ga, kí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì fi bí ínṣì méjì tàbí mẹ́ta rẹlẹ̀ sí i, kí ìgbátí kọnkéré pààlà wọn, kí ọ̀pá afọ́jú lè mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ kò bá gba méjèèjì, a jẹ́ pé ọkọ̀ ni yóò dín eré kù sí 30 kìlómítà ní wákàtí kan, kí kẹ̀kẹ́ lè bá a rìn láìséwu. Ẹlẹ́sẹ̀ kọ́ ni yóò pàdánù àyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Ring Road láti Challenge lọ, ní ọ̀pọ̀ ibi tí ilé ìtajà kò ti fara kan títì, àti lẹ́bàá ọgbà Yunifásítì, ẹlẹ́sẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ sì fẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n lè jọ rìn bí mítà 3 bá wà, bí a bá sì dá òfin ọ̀nà oko padà: agogo láti òkèèrè, àti ọ̀nà fún ẹlẹ́rù.

Ẹ̀kẹta ni gọ́tà. Ní Ìbàdàn, gọ́tà ni ó gba ibi tí ó yẹ kí ọ̀nà yìí wà. A lè fi kọnkéré bò ó, kí a sì sọ orí rẹ̀ di ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kí àlàfo àárín kọnkéré kan sí èkejì dábùú ọ̀nà. Bí ó bá tẹ̀ lé gígùn ọ̀nà, yóò gbé táyà kẹ̀kẹ́ mì. Kí a ṣe ihò sí ẹ̀gbẹ́ kí omi títì lè wọlé. Kí àwọn kọnkéré náà ṣeé gbé kúrò fún kíkó ìdọ̀tí, kí a sì dá wọn padà lọ́jọ́ kan náà. Àwa tí a mọ ohun tí Ògùnpa ṣe ní August 31, 1980, àti ohun tí omi tún ṣe ní August 26, 2011, kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀nà tí yóò dí ojú àgbàrá. Bíbo gọ́tà láìkó ìdọ̀tí inú rẹ̀, ìbéèjì ìyà ni.

Ẹ̀kẹrin ni òkè àti oríta. Àwọn kan ní òkè Ìbàdàn pọ̀ jù fún kẹ̀kẹ́. Òkè pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè ṣe ọ̀nà kí òkè má pa ènìyàn. Bí ọ̀nà bá ń fi mítà 5 ga sókè nínú ìrìn mítà 100, ìlànà tí mo mẹ́nu kàn ní kí irú gíga bẹ́ẹ̀ má ju mítà 30 lọ kí ó tó tún tẹ́jú díẹ̀. Níbi tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, kí ọ̀nà fẹ̀ sí i, kí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ tí ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ má baà dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní ti oríta, ìwà tí ó burú jù ni pé kí ọ̀nà máa já sílẹ̀ ní ẹnu àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí oníkẹ̀kẹ́ máa sọ̀, kí ó máa gùn. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ kò ní ṣe é. Títì ni yóò padà sí. Kí ọ̀nà àjọrìn máa lọ tààrà ní gíga kan náà, kí ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ wọ àdúgbò sì fà sẹ́yìn, kí ó gun orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Èyí ni yóò sì ran ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí a bá la ọ̀nà rere kan lónìí, lọ́la ọlọ́jà yóò pàtẹ sí i, ọ̀tunla ọ̀kadà yóò gbà á. A lè ri òpó kúkúrú mọ́ ẹnu rẹ̀ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má lè wọlé, ṣùgbọ́n òpó kò lè dá ọ̀kadà dúró, nítorí ibi tí kẹ̀kẹ́ ológeere gbà ni òun náà gbà. Ojú àwa tí a ń gbé àdúgbò ni yóò lé e. Ní ti ọlọ́jà, kí a má ṣe tàn ara wa jẹ. Bí a kò bá fún ọlọ́jà ní àyè, yóò gba àyè. Kí àwòrán ọ̀nà náà fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti títì, níbi tí a lè gbin igi sí fún ibòòji, tí obìnrin tí ń sun àgbàdo sì lè jókòó láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí iná ojú pópó wà níbẹ̀, nítorí aago méje alẹ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń darí relé.

Ẹ lè bi mí pé, ta ni ó ti ṣe é rí? Ní ilẹ̀ Netherlands, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ lónìí, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ní 1971, ọkọ̀ pa ènìyàn tí ó ju 3,000 lọ níbẹ̀, èyí tí ó ju 400 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Àwọn òbí jáde sí ìgboro, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé kí a dáwọ́ pípa àwọn ọmọdé dúró. Nígbà tí epo bẹntiróòlù sì wọ́n ní 1973, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé ìlú kò lè gbára lé ọkọ̀ nìkan. Bí àwọn ìlú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ nìyẹn. Àwọn òbí ni ó kọ́kọ́ ké jáde, bí ẹ̀yin ìyá wa ti ké ní ìpàdé tí ó kọjá.

Bí ẹ bá ní òyìnbó nìyẹn, ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀gbẹ́ wa. Ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, níbi tí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù pọ̀ bí eṣú, ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títì ńlá kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀-táyà-méjì. Ní Èkó nítòsí wa, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 2018 lórí ìrìnnà tí kò lo ẹ́ńjìnnì. Ìlànà nìkan kì í ṣe ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ ní ohun tí ó lè fi bèèrè.

Àwa náà ní ìwé lọ́wọ́. Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún rẹ̀ Kẹrin, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Fífún kẹ̀kẹ́ ní ìwé-àṣẹ wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí káńsù ti ń gba owó lọ́wọ́ bàbá mi. Nínú àkọsílẹ̀ kan náà ni ṣíṣe àti títọ́jú ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó àti gọ́tà wà. Ẹni tí òfin fún ní àṣẹ láti gba owó lórí kẹ̀kẹ́, òun náà ni òfin gbé gọ́tà lé lọ́wọ́. Bódìjà àti Àgbòwó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn. Títì ńlá mìíràn jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀, nítorí náà kí ẹ̀dà ìwé wa dé Sẹkitéríàtì ní Àgódi pẹ̀lú.

Ìmọ̀ràn mi sí Ẹgbẹ́ jẹ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí a má ṣe ya ìwé àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kí a tún un kọ. Kí a bèèrè ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ní iwájú ọjà Bódìjà àti ní ẹnu Àgbòwó, kí a sì bèèrè ọ̀nà àjọrìn tí ó fẹ̀ tó mítà 3 ní àárín àwọn méjèèjì níbi tí ilẹ̀ bá gbà á. Èkejì, kí a tó fi ìwé náà ránṣẹ́, kí àwọn ọ̀dọ́ wa mẹ́fà àti àwọn ìyá wa mẹ́fà jókòó pọ̀ ní ibi mẹ́ta lójú ọ̀nà náà, láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí wọ́n ka ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ tí ó kọjá, kí wọ́n kọ ibi tí gọ́tà ṣí sílẹ̀, àti ibi tí ọlọ́jà wà. Ìwé tí kò ní iye nínú, ẹ̀bẹ̀ lásán ni ìjọba yóò kà á sí. Ẹ̀kẹta, kí Ẹgbẹ́ yọ owó díẹ̀ láti ra agogo àti iná fún gbogbo ọmọ ìlú wa tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn, kí a sì kọ́ wọn ní òfin ọ̀nà oko. A kò lè bẹ ìjọba fún ọ̀nà àjọrìn bí àwa fúnra wa kò bá mọ àjọrìn.

Ẹnìkan lè rò pé ìtìjú ni kí ọmọ ìlú wa máa gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wa ọkọ̀. Ẹ̀yin ará mi, lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé kòkó tí a fi san owó ilé-ìwé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ọjà. Ohun tí ó bí wa kò lè di ìtìjú wa.

Ọmọ káfíńtà náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́, nítorí kò ní owó ọkọ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni ó sì ń gbà. Ìyá wa náà ṣì ń lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Ní ọ̀la, bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn méjèèjì yóò tún jáde. Ohun tí a bá ṣe lórí ìwé yìí lónìí, àwọn ni a ṣe é fún.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ọ̀nà wa ṣe, kí ẹsẹ̀ wa má kọ̀, kí a má rí ìjàm̀bá ọ̀nà. Kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Ire o.